Ta Ni Ó Ni Fóònù Òṣìṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Láti ìgbà tí àwọn aláṣẹ ilé iṣẹ́ wa ti lẹ ìwé mọ́ pátákó ẹnu géètì pé kí olúkúlùkù òṣìṣẹ́ gba áàpù tuntun kan sínú fóònù ara rẹ̀, kí ó sì máa fi í sàmì pé òun ti dé ibi iṣẹ́, ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń da ìbéèrè bò wá. Àwọn kan ní kí ni ó burú níbẹ̀, ṣebí káàdì tí a ń lò tẹ́lẹ̀ náà ni ó di áàpù? Àwọn kan ní ó di ẹ̀yìn ikú àwọn kí àwọn tó gbà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti rí oògùn rẹ̀ ní tiwọn: wọ́n ní ọmọkùnrin kan wà tí ó máa ń gbé kọ̀ǹpútà wá sí ẹ̀gbẹ́ ilé oúnjẹ níwájú géètì, tí ó ń sọ fóònù di "aláìrí". Wọ́n ní bí a bá san owó tí ó pè, yóò yọ ètò tí ó bá fóònù wá láti ilé iṣẹ́, yóò fi òmíràn sí i, ọ̀gá kò ní lè rí wa mọ́, ìjọba kò ní lè rí wa, Google pàápàá kò ní mọ ibi tí a sùn.

Èrò tiwa nìyí, kí ó má bàá sí àṣìgbọ́. Áàpù àwọn aláṣẹ, bí ó ti wà yìí, a kò gbà á. Ètò àdáni tí ènìyàn lè fi rọ́pò èyí tí ó bá fóònù wá, ohun gidi ni, a sì ti rí èyí tí ó dára gan-an nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn àìsàn tí ó ń ṣe wá nìyẹn, bí ó bá sì bọ́ sí ọwọ́ tí kò yẹ, májèlé ni.

A gba ìwé náà kà, a sì ní kí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ó mọ̀ nípa ẹ̀rọ yẹ áàpù náà wò fínnífínní. Kí ni ó ń tọrọ? Ó fẹ́ mọ ibi tí a wà, kì í ṣe ní wákàtí iṣẹ́ nìkan, bí kò ṣe ní gbogbo ìgbà. Ó fẹ́ ka gbogbo nọ́ńbà tí ó wà nínú fóònù. Ó fẹ́ àyè láti lo kámẹ́rà àti ẹ̀rọ tí ń gba ohùn. Káàdì ẹnu géètì mọ̀ pé aago méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni a wọlé. Kò mọ ilé àna wa. Kò mọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tí a ń lọ, kò mọ iye ìgbà tí a gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, kò sì mọ ilé tí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ti jókòó ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé nígbà tí à ń múra ọ̀rọ̀ owó oṣù sílẹ̀. Áàpù yìí yóò mọ gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé káàdì àti áàpù náà kan náà ni, kò tíì ronú kan àwọn ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́.

Kì í ṣe àwa ni a kọ́kọ́ rí irú èyí. Ní ọdún 2015 obìnrin òṣìṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà pe ilé iṣẹ́ tí ó ń bá ènìyàn fi owó ránṣẹ́ lẹ́jọ́. Ó ní wọ́n ní kí òun fi áàpù kan sínú fóònù tí òun ń gbé kiri, áàpù náà sì ń tọ òun lẹ́yìn tọ̀sán-tòru, títí kan òpin ọ̀sẹ̀. Ó ní ọ̀gá òun tilẹ̀ ń fọ́nnu pé òun mọ bí ó ti ń sáré tó lójú títì. Nígbà tí ó yọ áàpù náà kúrò, wọ́n yọ òun náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó ti rò ó fún ilé ẹjọ́ nìyẹn.

Ọ̀gá kan sọ fún wa lójúkojú pé ẹni tí kò bá ṣe ohun ìtìjú, kí ni ó ń bẹ̀rù? Ó dára. Kí àwọn ọ̀gá náà gbé fóònù tiwọn ka orí tábìlì ní ìpàdé tí ń bọ̀ kí gbogbo wa yẹ̀ ẹ́ wò. Ènìyàn ń ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, kì í ṣe pé ó ń jalè nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má fi gbogbo ẹ̀bi lé ilé iṣẹ́ lórí. Fóònù tí ó wà lápò wa kò dúró de ọ̀gá kan kí ó tó máa rojọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, ọ̀jọ̀gbọ́n Douglas Leith ti Trinity College ní Dublin, ìlú kan ní Ireland, gbé ìwádìí kan jáde. Ó gbé fóònù Android kan àti iPhone kan kalẹ̀, kò sì fi wọ́n ṣe ohunkóhun. Síbẹ̀, bí a bá pín in dọ́gba, ní ìṣẹ́jú 4 àti ààbọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí Google àti Apple. Google kò gba bí ó ti ṣe ìṣirò náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ pé fóònù ń ránṣẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún wo oríṣi Android mẹ́fà: ti Samsung, ti Xiaomi, ti Huawei, ti Realme, àti àdáni méjì, LineageOS àti /e/OS. Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, /e/OS nìkan ni wọ́n rí i pé ẹnu rẹ̀ pa mọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ó fi hàn pé ètò tí ó wà nínú fóònù ni ó ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe irin àti gíláàsì rẹ̀. Ó sì tún fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ètò àdáni ni ó ń dákẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó àti olóṣèlú ni èyí, kí ó rántí àwọn áàpù owó yíyá. Ní ẹ̀ka wa níbí, a mọ ọmọ ẹgbẹ́ kan tí ó yá owó tí kò tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì. Oṣù pẹ́ kí ó tó parí, owó oṣù náà pẹ́ kí ó tó wọlé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ kejì, wọ́n ti fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá onílé rẹ̀, sí ìyá ìyàwó rẹ̀, sí fómáànù rẹ̀, àti sí ọ̀pọ̀ nínú wa, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé olè ni. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ọkùnrin náà kò fi lè wo ojú ẹnikẹ́ni nínú ilé iṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó já fóònù rẹ̀ gbà. Áàpù béèrè bóyá kí òun wo àwọn nọ́ńbà inú fóònù, ó tẹ ibi tí wọ́n kọ "gbà" sí, nítorí pé bí kò bá tẹ̀ ẹ́, wọn kò ní yá a lówó.

Ìjọba kò dákẹ́ pátápátá lórí rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, NITDA bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé Soko Lending nítorí irú ìwà yìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, FCCPC, àjọ tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, já wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Èkó. Láti ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Google pàápàá ti ní kí áàpù owó yíyá kankan tí ó wà ní ibi ìtajà òun má ṣe wo nọ́ńbà àti fọ́tò oníbàárà mọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn tí ojú ti tì ti gba ìtìjú tiwọn ná, àwọn ayánilówó mìíràn sì wà tí kì í gba ibi ìtajà Google wọlé rárá, líǹkì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ènìyàn.

Ní báyìí, kí ni ètò àdáni yìí? Nínú fóònù kọ̀ọ̀kan ni ètò kan wà tí ó dàbí alábòójútó ilé iṣẹ́. Òun ni ó ń pín iṣẹ́, òun ni ó di kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ mú, òun ni ó ń sọ pé áàpù yìí lè wọ yàrá yìí, kò lè wọ tọ̀hún. Android ni ó wà nínú fóònù ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa. Google ra ilé iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2005, fóònù àkọ́kọ́ tí ó lò ó sì jáde ní ọdún 2008. Ìpìlẹ̀ Android kì í ṣe àṣírí: gbogbo ayé ni ó lè kà á, ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ sì lè mú un tún ṣe. Láti ibẹ̀ ni àwọn ètò àdáni ti wá. CyanogenMod bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, ó sì kógbá sílé ní òpin ọdún 2016; LineageOS ni ó dìde láti inú eérú rẹ̀. Èyí tí àwọn tí ó mọ̀ nípa ààbò sì ń yìn jù ni GrapheneOS, tí Daniel Micay bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2014, tí ó sì gba orúkọ tí ó ń jẹ́ yìí ní ọdún 2019.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí GrapheneOS ń ṣe, nítorí ó wúni lórí. Kò sí ohun Google kankan nínú rẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá kọ́kọ́ tàn án. Bí a bá fẹ́ ibi ìtajà áàpù Google, a lè fi sí i, ṣùgbọ́n bí áàpù lásán ni yóò ṣe wà níbẹ̀, kò ní jẹ́ ọmọ onílé tí ń wọ yàrá láìkan ilẹ̀kùn. A lè sọ fún áàpù kọ̀ọ̀kan pé kò gbọdọ̀ lo íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Bí áàpù kan bá sì takú pé àfi kí òun wo àwọn nọ́ńbà wa, a lè jẹ́ kí ó rò pé òun ti wọlé, ṣùgbọ́n yàrá òfìfo ni yóò bá, tàbí ẹni kan ṣoṣo tí a bá fẹ́ kí ó rí. Ẹ ro ohun tí ìyẹn ìbá ti ṣe fún ọmọ ẹgbẹ́ wa tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè. Bí wọ́n bá sì gba fóònù náà lọ́wọ́ ènìyàn, tí wákàtí 18 kọjá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí i, yóò pa ara rẹ̀, yóò sì tún ara rẹ̀ tàn, gbogbo ohun inú rẹ̀ yóò sì wà ní títì gbọn-in bí ìgbà tí a kò tíì fi ọwọ́ kàn án.

Ohun tí ó pa wá lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé fóònù Pixel, tí Google fúnra rẹ̀ ń ṣe, ni wọ́n ń fi GrapheneOS sí. Ẹni tí ó ń sá fún Google yóò kọ́kọ́ lọ san owó fún Google! Ṣùgbọ́n ìdí wà, ìdí náà ni gbòǹgbò gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ kà á.

Nígbà tí a bá tan fóònù, ohun kékeré kan ni ó kọ́kọ́ ń jí, wọ́n ń pè é ní bootloader. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní mégáàdì. Mégáàdì yìí ní òǹtẹ̀ kan lọ́wọ́. Ó ń wo ètò tí ó fẹ́ wọlé pé ǹjẹ́ òǹtẹ̀ tí òun mọ̀ ni ó wà lára rẹ̀? Bí ẹnìkan bá ti yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀, mégáàdì yóò kọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ètò àdáni sí fóònù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní kí mégáàdì lọ jókòó ná. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ fóònù tí à ń rà, bí ètò tuntun bá ti wọlé tán, mégáàdì kò lè padà sẹ́nu iṣẹ́, nítorí kò mọ òǹtẹ̀ àlejò, kò sì ṣe é kọ́. Géètì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ. Pixel wà lára àwọn ìwọ̀nba tí a lè fi òǹtẹ̀ tuntun lé mégáàdì lọ́wọ́, kí a sì tún ti géètì padà. Google sì ṣèlérí àtúnṣe ààbò fún ọdún 7 láti orí Pixel 8 tí ó jáde ní ọdún 2023, èyí tí ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú kì í rí fún ọdún méjì pàápàá. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Èyí tí ọmọkùnrin ẹ̀gbẹ́ ilé oúnjẹ ń ṣe, ó ń la ògiri lẹ́nu, ó sì ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

A kò bú LineageOS. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni, iṣẹ́ ìfẹ́ ni, ó sì ń jí fóònù tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ti kẹ̀yìn sí dìde. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ti dàgbà lè jàǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n géètì sábà máa ń wà ní ṣíṣí, àtúnṣe fún àwọn ẹ̀yà tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tí ó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe fóònù, kò sì sí mọ́. Bí wọ́n bá wá fi rúùtù kún un, bí àwọn ọmọ Computer Village ní Ìkẹjà ti ń pè é, ọ̀rọ̀ di méjì: kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá ni wọ́n so mọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà. Kí ni orúkọ ètò tí ó ń fi sí i? Níbo ni ó ti gbà á? Ta ni ó tẹ òǹtẹ̀ sí i? Ṣé ó ń ti géètì padà? Bí àtúnṣe ààbò bá jáde lóṣù tí ń bọ̀, ta ni yóò gbé e wá? A bi í. Ó ní kí a má bínú, oníbàárà ń dúró de òun.

Kì í ṣe nínú ètò ẹ̀gbẹ́ títì nìkan ni ewu wà o. Kòkòrò tí ó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, Google sọ ọ́ ní gbangba pé ètò ibi kan tí ń jẹ́ Triada ti wà nínú àwọn fóònù Android kan kí wọ́n tó jáde láti ilé iṣẹ́: àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún lọ́nà ni wọ́n kì í sínú rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, àwọn olùwádìí Secure-D àti ìwé ìròyìn BuzzFeed News sọ pé àwọn rí Triada àti òmíràn tí ń jẹ́ xHelper nínú fóònù Tecno W2 ní Etiópíà, Kamẹrúùnù, Íjíbítì, Gánà àti Gúúsù Áfíríkà, tí ó ń jẹ dátà àti owó ìpè àwọn tálákà láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Transsion, tí ó ni Tecno, dáhùn pé àwọn ti gbé àtúnṣe jáde. Fóònù olówó pọ́ọ́kú ni ti òṣìṣẹ́, fóònù olówó pọ́ọ́kú náà sì ni wọ́n fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe.

Ní ti ẹni tí ó ń polówó fóònù "aláìrí", ìtàn kan ṣẹlẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mọ̀. Fóònù kan wà tí wọ́n ń pè ní ANOM. Kò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Láti ẹnu dé ẹnu ni àwọn oníṣòwò oògùn olóró ń sọ ọ́ fún ara wọn, owó rẹ̀ kò sì kéré. Wọ́n ti yọ ètò tí ó bá a wá, wọ́n ti fi tiwọn sí i. Ẹni tí ó bá ṣí i yóò rí áàpù ìṣirò lásán, irú èyí tí àwọn oníṣòwò fi ń ro owó, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ni í bá tẹ nọ́ńbà tirẹ̀ sí i, yàrá ìkọ̀kọ̀ kan yóò ṣí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ àṣírí. Àwọn tí ó rà á fi ọkàn balẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ ẹrù wọn, wọ́n ń pe orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 2021, ayé gbọ́ ẹni tí ó ni ANOM. FBI ti Amẹ́ríkà ni, pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Australia. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ, mílíọ̀nù 27 lórí fóònù tí ó tó 12,000, ni ẹ̀dà rẹ̀ ń bọ́ sí ọwọ́ ọlọ́pàá. Ènìyàn tí ó lé ní 800 ni wọ́n mú. A kò káàánú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn náà lówó ju wa lọ, wọ́n sì ń bẹ̀rù ju wa lọ, síbẹ̀ wọ́n ra á nítorí pé ẹnìkan tí wọ́n mọ̀ sọ fún wọn pé ó dára. Kò sí ẹni tí ó lè ka inú rẹ̀. Ti GrapheneOS, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà lè kà á láti òkè délẹ̀, àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ pàápàá sì ń kà á láti wá àbùkù sí i.

Síbẹ̀, bí a bá gbé Pixel tí ó ní GrapheneOS lé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ lọ́la, kí ni kò ní ṣe fún wa? Òpó tí fóònù ń bá sọ̀rọ̀ yóò ṣì mọ àdúgbò tí a wà. Láti ìgbà tí ìjọba ti pàṣẹ ní oṣù kejìlá ọdún 2020 pé kí a so síìmù mọ́ NIN, ilé iṣẹ́ tí ó ni síìmù mọ orúkọ wa, ó sì ní àkọsílẹ̀ ẹni tí a pè àti ìgbà tí a pè é. WhatsApp ti ń ti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pa láti ọdún 2016, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí ó ń bá ẹni sọ̀rọ̀. Áàpù báǹkì mìíràn yóò kọ̀ láti ṣiṣẹ́, nítorí ó ń wá òǹtẹ̀ Google lára fóònù. Ìwà ìrẹ́jẹ ni a ka ìyẹn sí: fóònù àtijọ́ tí kò rí àtúnṣe ààbò láti ọdún mélòó kan lè kọjá, èyí tí ó ti géètì rẹ̀ gbọn-in ni wọ́n ń dá padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó oṣù rẹ̀ wà nínú áàpù yẹn kò lè fi ìrẹ́jẹ san owó ọkọ̀.

Bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Iye owó tí ìgbìmọ̀ wa fẹ́ béèrè ní ọdún tí ó kọjá dé ọ́fíìsì máníjà kí oòrùn ọ̀sán tó mú. Kì í ṣe Google ni ó gbé e lọ. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ wa ní orí WhatsApp ni ó ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀. Kò sí ètò kankan, àdáni tàbí ti ilé iṣẹ́, tí ó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. A ń bá a lọ láti wá a.

Nítorí náà, ibo ni kí òṣìṣẹ́ dúró sí? Àwa ní kí ó dúró lórí ẹ̀tọ́ rẹ̀. Abala 37 nínú òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 dá ààbò bo ìkọ̀kọ̀ ọmọ ìlú, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ lórí tẹlifóònù. Òfin tí ó wà fún ààbò àkọsílẹ̀ ara ẹni, tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, sọ pé ìyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ ti inú ọkàn ẹni wá láìsí ipá, àti pé ìwọ̀nba ohun tí iṣẹ́ náà nílò nìkan ni a lè gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Ìyọ̀ǹda wo ni ó wà lọ́wọ́ ẹni tí a sọ fún pé bí kò bá tẹ "gbà", owó oṣù rẹ̀ kò ní wọlé? Kí sì ni nọ́ńbà ìyá wa ní í ṣe pẹ̀lú aago tí a dé ibi iṣẹ́? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òfin yìí kò léyín. Nígbà tí FCCPC bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, tí ó ni Facebook àti WhatsApp, ní oṣù keje ọdún 2024, ilé iṣẹ́ náà pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó sì fìdí rẹmi níwájú ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Bí wọ́n bá lè mú Meta, ilé iṣẹ́ tiwa kò tóbi jù.

Ohun tí a ó gbé síwájú àwọn aláṣẹ kò le. Bí wọ́n bá fẹ́ fi fóònù ka òṣìṣẹ́, kí wọ́n ra fóònù ilé iṣẹ́, kí wọ́n fi í sí ẹnu géètì, kí a máa tẹ̀ ẹ́ wọlé, kí a sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí a bá ń lọ sílé. Kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń kó jọ han ẹgbẹ́, kí wọ́n sì pa á rẹ́ lẹ́yìn tí owó oṣù bá ti jáde. Kí wọ́n má fi ìyà jẹ ẹni tí ó ń lo fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì; irú wọn pọ̀ láàrin àwọn àgbà wa, wọn kò sì jẹ ilé iṣẹ́ ní gbèsè fóònù ńlá.

Ní ti ara wa, kí ẹnikẹ́ni má san owó fún ọmọkùnrin yẹn. Kí olúkúlùkù wọ inú ètò fóònù rẹ̀ lálẹ́ òní, kí ó wo àwọn áàpù tí ó fún láyè láti rí nọ́ńbà, láti mọ ibi tí ó wà, àti láti gbọ́ ohùn rẹ̀; ẹ óò rí áàpù tọ́ọ̀ṣì àti ti eré bọ́ọ̀lù níbẹ̀, kí ẹ gba àyè náà padà. Ẹ gba àtúnṣe ààbò nígbà tí ó bá dé, bí ó tilẹ̀ jẹ dátà. Ẹ fi nọ́ńbà mẹ́fà ti fóònù yín, kì í ṣe ilà tí ọmọ yín lè fi ìka tọ̀ lórí gíláàsì.

Ohun kan wà tí a tún fẹ́ kí ẹ̀ka yìí ṣe, akápò wa yóò pariwo nígbà tí ó bá kà á. Akọ̀wé wa ní orúkọ, àdírẹ́sì àti ọ̀rọ̀ àṣírí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ nínú fóònù kan tí ó fi ń gba ìròyìn bọ́ọ̀lù. Kí ẹ̀ka ra Pixel méjì, fún akọ̀wé àti fún akápò fúnra rẹ̀, fún iṣẹ́ ẹgbẹ́ nìkan. Kí a gba GrapheneOS láti ọwọ́ àwọn tí ó ń ṣe é gan-an, kí a fi í sí i ní gbangba lójú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀, kí a ti géètì rẹ̀ padà, kí ó sì jẹ́ iṣẹ́ ẹnìkan láti máa wò ó pé àtúnṣe ń wọlé. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn díẹ̀ ni àwọn ètò wọ̀nyí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, àwọn tí ń ṣe CalyxOS, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kéde pé àwọn dáwọ́ àtúnṣe dúró fún ìgbà kan, àwọn tí ó ń lò ó sì ní láti wá ibòmíràn lọ. Nítorí náà kì í ṣe ohun tí a ó rà kí a gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ méjèèjì, ti áàpù àti ti fóònù ẹgbẹ́, yóò wá sí ìbò ní ìpàdé gbogbogbò ẹ̀ka tí ń bọ̀. Ẹ wo ọjọ́ àti aago rẹ̀ lára pátákó wa, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́. Títí di ìgbà náà, kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má buwọ́ lu ìwé tí fómáànù ń pín kiri, kí ó má sì gba áàpù náà sínú fóònù rẹ̀. Bí wọ́n bá halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni, kí ó kọ orúkọ ẹni tí ó halẹ̀ àti aago tí ó sọ ọ́ sórí ìwé, kí ó sì gbé e wá bá wa ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́.